Ohun Tí Mi Ò Fi Ránṣẹ́ Lórí Rédíò

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Mo nírètí pé ara yín le, pé iṣẹ́ sì ń lọ déédéé níbi tẹ́ ẹ wà. Ara tèmi náà le. Yàrá tẹ́ ẹ gbé rédíò sí, èyí tá a so mọ́ kọ̀ǹpútà láti fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ọ̀nà jíjìn, ni mo jókòó sí kọ ìwé yìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ẹ rí mi lórí rédíò. Ẹ má sọ pé ẹ ò rí mi. Mò ń pe ẹnikẹ́ni tó bá lè gbọ́, àmì ìdánimọ̀ yín, lẹ́tà àti nọ́ńbà tẹ́ ẹ ń lò dípò orúkọ lórí rédíò, sì jáde lójú kọ̀ǹpútà. Láti ọdún méjì tẹ́ ẹ ti bínú kúrò nílé, tẹ́ ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, èyí ni mo kọ́kọ́ rí gbọ́ nípa yín. Ẹ fún mi ní máàkì mọ́kàndínlógún nísàlẹ̀ òdo, ìyẹn ni pé mo jìnnà débi pé etí ò lè gbọ́ mi, kọ̀ǹpútà nìkan ló rí mi kà. Ẹ wá fi 73 dágbére, bí ẹni tí ò mọ̀ mí rí.

Màmá ti kú. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Àyà ló ní ó ń dun òun, kò sì pẹ́ rárá. A ti sin ín.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ránṣẹ́, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́tàlá lọ. Mo tẹ̀ ẹ́: MAMA TI KU. Mẹ́wàá ni, tòun ti àlàfo. Ó gbà á, àyè tún ṣẹ́ kù. Mo ń wò ó títí ìwọ̀nba àsìkò tó kàn mí láti fi ránṣẹ́ fi kọjá, mo bá pa á rẹ́. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé láàárín nọ́ńbà àwọn àjèjì. Mo fi 73 ránṣẹ́ padà.

Níbi ìsìnkú, àbúrò Bàbá ní kí n má ka orúkọ yín mọ́ àwọn ọmọ. Mo ní irọ́ ni. Mo bu iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè Màmá lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tiyín. Inú bí i. Ìyẹn kàn án.

Mi ò tíì sunkún. Mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà Bàbá, mò ń rẹ́ pákó, mò ń padà wálé. Ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ tìtorí rẹ̀ bínú, tẹ́ ẹ ní Màmá gbé fún èmi nìkan lẹ́yìn ikú Bàbá yìí, ìdajì rẹ̀ tiyín ni. Irin iṣẹ́ yín ṣì wà níbi tẹ́ ẹ fi wọ́n kọ́ sí.

Mi ò mọ ilé yín. Àmọ́ ẹgbẹ́ àwọn onírédíò máa ń fi àmì ìdánimọ̀ nìkan jíṣẹ́ káàdì ẹ̀rí tó ń fi hàn pé èèyàn méjì pàdé lórí rédíò, ìdí nìyẹn tí mo fi ká ìwé yìí mọ́ káàdì náà.

Màmá máa ń jókòó tì mí nídìí rédíò, á ní kí n wò ó bóyá ẹ ti jáde. Ó ní, "Bó o bá rí i, má bá a jà o, olóríkunkun. Ṣáà sọ fún un pé mo ti jẹun." Torí ohun tẹ́ ẹ máa ń bi í nìyẹn kẹ́ ẹ tó wọlé. Ó jẹun láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Mo ti jíṣẹ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín fún mi, kó má fi ìbànújẹ́ mìíràn lé èyí lórí.

Èmi ni àbúrò yín kan ṣoṣo,
Olóríkunkun

Àfikún: Aago méjì ọ̀sán, lójoojúmọ́, ibi tẹ́ ẹ ti bá mi lórí rédíò náà ni màá wà. Bẹ́ ẹ bá ti ka ìwé yìí, ẹ fi MO TI GBO ránṣẹ́. Mẹ́sàn-án péré ni.