Ìkẹ́dùn Lórí Waldemar Bentancur, Ẹni Tí Kì í Jẹ́ Kí Iṣẹ́ Àná Bàjẹ́

Sí Ìyáàfin Mirta Bentancur, ní Paysandú.

Pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́ ni àwa ọmọ ẹgbẹ́ Coronilla fi ń bá yín kẹ́dùn ikú àbúrò yín, Waldemar. Nígbà tí ẹ pè wá lórí fóònù, ẹ ní, "Ẹ dákun, kí lẹ tiẹ̀ jẹ́ sí i? Òun àti kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan ló máa ń wà nílé ìdáná. Kò sẹ́ni tó ń wá a wá." Ọ̀rọ̀ yín dùn wá, nítorí kò sẹ́ni nínú wa tó bá a jókòó mu tíì máté rí.

Coronilla ni ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, tí a ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Lọ́dọọdún là ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Àwa tí à ń sáré lépa àrà tuntun pọ̀. Waldemar ló ń dúró ti ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbó. Tí a bá mú ohun tó lè ba iṣẹ́ àná jẹ́ wá, á ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, olùkọ́ kan wà ní Tacuarembó tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí nǹkan yìí. Ẹ má kó bá a o." A ó bínú, a ó sì tún un ṣe. Àṣà wa ni pé ẹ̀dà kankan kò gbọdọ̀ jáde àfi tó bá dán an wò lórí ògbólógbòó kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó sì kọ̀wé sí wa pé, "Ó ń ṣiṣẹ́."

Lọ́tẹ̀ yìí, a retí títí, kò kọ nǹkan kan. Tó bá ti dákẹ́, àbùkù inú iṣẹ́ wa ló máa ń wá, a kì í sì í yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹnìkan tiẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Baba ti tún rí wa mú." A rẹ́rìn-ín, a ń dúró. Àṣé ó ti kú nílé ìdáná yẹn. Ó dùn wá wọnú eegun pé òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Ìyá wa, ẹbí rẹ̀ ni wá. Àwa tí a wà ní Montevideo ń bọ̀ wá bá yín ṣe ètò ìsìnkú, ẹ kò ní dá a gbé.

Ẹ̀dà tuntun náà ṣì wà nílẹ̀, a kò tíì gbé e jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gbé ògbólógbòó yẹn kúrò. Tí a bá dé, ẹ jẹ́ ká jọ jókòó tì í, ká fi ẹ̀dà tuntun náà sí i, ká tàn án. Tó bá tàn, ẹ̀yin ni kí ẹ bá wa kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Kí Ọlọ́run tí kì í fi ẹni tó dá wà sílẹ̀ wá bá yín jókòó nínú ilé náà kí àwa tó dé.

Zulma Irigoyen,
Akọ̀wé ẹgbẹ́ Coronilla