Àwọn Mẹ́ta Tó Ṣe Dẹ́ntìn

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kìíní, 1979

Ìwé Gbóyèga ni mo ń kọ èyí sí. Òun kọ tirẹ̀ láti iwájú. Mo yí ìwé náà sódì, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ó máa pẹ́ kí a tó pàdé.

Mo mọ ohun tó wà níwájú. Máàkì. Ọkọ mi, géńdé ọkùnrin tó ń ya àwòrán ilé fún ìjọba àpapọ̀, ló jókòó tó ń fún àwọn òṣèré sinimá ní máàkì bí olùkọ́. Òṣèré mẹ́ta, ènìyàn kan ṣoṣo: Mísítà Dẹ́ntìn, amí tí àwọn òyìnbó ti ń fi ṣe sinimá láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé. Bí ọ̀kan bá lọ, wọ́n á mú òmíràn wá, wọ́n á wọ kóòtù kan náà fún un, àwọn obìnrin inú sinimá á sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ohun tó máa ń bí mi nínú nìyẹn. Gbóyèga á kàn rẹ́rìn-ín ni. Á ní, "Àyìnkẹ́, iṣẹ́ ni Dẹ́ntìn, kì í ṣe ojú."

Ojú ni. Mo ṣì ń bá a jiyàn.

Oṣù mẹ́ta pé lónìí tó kú lójú ọ̀nà Ìbàdàn.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kìíní

Omi yọ lónìí ní òpópónà wa, Àfẹ́níù Karùn-ún. Mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì Gbóyèga tí mo ti búra pé n kò ní fọ.

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kìíní

Mo ka máàkì rẹ̀ lẹ́yìn iléèwé, nígbà tí Ẹ̀bùn ọmọ wa ń ṣeré nísàlẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ — Ẹni Jẹ́jẹ́ ni èmi ń pè é. Kì í gbóhùn sókè. Bó bá wọ yàrá, ẹ ó rò pé òun ló kọ́ ilé náà. Bó bá fẹ́ pa irọ́ ńlá, á kọ́kọ́ bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, á dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣe ti aago yẹn, òun ló mọ̀ ọ́n ṣe. Gbóyèga fún un: ìrìn, mẹ́sàn-án. Irọ́, mẹ́wàá. Ìfẹ́, mẹ́fà.

Ẹnì kejì, Eléyín. Eyín rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun tó wọlé. Ó ń bọ́ aago bí ẹni tó fẹ́ tà á. Ìrìn, márùn-ún. Irọ́, mẹ́rin. Ìfẹ́, mẹ́jọ. Mẹ́jọ kẹ̀. A jà lórí mẹ́jọ yẹn láti ilé sinimá ní Sùúrùlérè dé ilé.

Ẹni kẹta, Ayáṣọlò, torí kóòtù náà fẹ̀ jù ú léjìká. Ọ̀sẹ̀ méjì kí Gbóyèga tó kú ni a lọ wò ó. Mo di ojú mi nígbà tó fẹ́ bọ́ aago. Mo ní n kò ní fẹ́ràn ẹni yìí láéláé. Nígbà tí a délé, Gbóyèga kọ nǹkan sínú ìwé, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Ojú ewé yẹn nìkan ni n kò tíì kà. Mo fi kílíìpù dè é. Bí mo bá kà á, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán nìyẹn.

Ọjọ́ Ìsinmi, 28 Oṣù Kìíní

Àwọn ìdílé rẹ̀ wá. Bàbá Ògúnjìnmí, àbúrò bàbá rẹ̀, láti Iléṣà. Àǹtí Beatrice, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, láti Sùúrùlérè, pẹ̀lú fìlà ṣọ́ọ̀ṣì lórí. Wọ́n jẹun. Wọ́n yin ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàbá yọ áńkáṣíìfù funfun kan lápò, ó gbé e fún mi.

Pákò ló wà nínú rẹ̀. Pákò kan, tútù, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi sẹ́nu.

Mo ti gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu ìyá ìyá mi. N kò mọ̀ pé ó lè gun òkè wá bá mi ní fúláàtì ìjọba. Bíọ́dún ló fi ránṣẹ́, àbúrò Gbóyèga. Bí mo bá run ún, mo ti gbà kó ṣú mi lópó. Bí mo bá dá a padà bó ṣe wà, kí n kó ẹrù mi. Ilé ti bọ́ sí orúkọ Bíọ́dún, torí ibi iṣẹ́ kan náà ni òun àti Gbóyèga ti jọ ṣiṣẹ́. Ẹ̀bùn, ọmọ wọn ni, kò ní bá mi lọ.

Bàbá ní, "Ìyàwó, a ò lé ọ o. Ohun tí à ń wí ni pé kí o má lọ."

Mo ní Kìrìsìtẹ́nì ni wá. Àǹtí Beatrice ní, "Ṣé a sọ pé a kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì ni? Àlùfáà á gbàdúrà sí i."

Wọ́n fún mi di ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta.

Ọdún méje ni mo ti ń pe Bíọ́dún ní ọkọ mi, bí a ṣe ń pe gbogbo ẹni tí a bá nílé ọkọ. N kò lè pe orúkọ rẹ̀, mo sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Mo máa ń kúnlẹ̀ gbé oúnjẹ fún un, gbogbo wa á máa rẹ́rìn-ín. Eré ni a ń ṣe nígbà yẹn.

Mo ti áńkáṣíìfù náà sí abẹ́ aṣọ nínú wọ́dúróòbù. Ẹ̀bùn rí mi. Ó bi mí bóyá ti Dádì ni. Láràárọ̀ Àbámẹ́ta, òun àti bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sí bálíkónì, wọ́n á jọ máa run pákò, wọ́n á máa dán an wò ta ni itọ́ rẹ̀ máa dé gọ́tà. Mo ní kì í ṣe ti Dádì. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Kò gbà mí gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Kejì

Akọ̀wé kó dé. Báàgì kan. Orí àga onírọ̀rùn ní pálọ̀ ló ń sùn. Ó ní, "Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ má bínú." Mo ní kò sí nǹkan kan. Inú ń bí mi débi pé mo fi iyọ̀ sí tíì.

Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Kejì

Àǹtí Beatrice ti ṣí àpótí aṣọ Gbóyèga. Akọ̀wé wọ kóòtù eérú Gbóyèga lọ síbi iṣẹ́. Ó fẹ̀ jù ú léjìká.

Mo fún un ní máàkì. Ìrìn, mẹ́ta — ó ń rìn nínú ilé yìí bí ẹni tó ń wá ẹni tí òun máa tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín, n kò tíì rí i. Irọ́, òdo. Mo bi í ní kíṣíìnì bóyá òun fẹ́ ohun tí wọ́n ń ṣe yìí. Ó ní rárá. Ó ní ọmọbìnrin kan wà ní Adó, Fọláyan, àwọn ì bá ṣègbéyàwó ní ọdún Àjíǹde yìí. Àwọn Bàbá ti bá a kọ lẹ́tà sí i pé kò ṣeé ṣe mọ́.

"Wọn ò bi èmi náà léèrè, Ìyá Ẹ̀bùn. Wọ́n kàn ní kí n lọ ra pákò ni."

Ó fọ àwo tirẹ̀, ó fọ tèmi mọ́ ọn. Ìkórìíra mi sí i dín kù díẹ̀. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Kejì

Ẹ̀bùn gun ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹṣin. Mo lọ sunkún sí ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi. Kò sí omi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kẹta

Mo ti pinnu. Màá dá pákò padà. Sìlífátù, tí a jọ ń kọ́ni, ní yàrá kan ṣófo lẹ́yìn ilé wọn ní Agboju. Màá bá wọn fa ọ̀rọ̀ ọmọ, ibi tó bá yọrí sí, kó yọrí sí i. Ẹni Jẹ́jẹ́ nìkan ni Dẹ́ntìn. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀ kí obìnrin tó wà nínú sinimá máa ṣe bí ẹni pé kò rí i.

Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́ Ìsinmi, 11 Oṣù Kẹta

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Wọ́n dé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá jókòó sí àga Gbóyèga. Akọ̀wé dúró lẹ́nu bálíkónì bí àlejò. Mo ti há ọ̀rọ̀ mi sórí láti àárọ̀. Mo mú áńkáṣíìfù náà jáde, mo kúnlẹ̀, mo fi lé Àǹtí Beatrice lọ́wọ́. Ó tú u.

Orí pákò náà ti di búrọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti run ún kanlẹ̀.

Àǹtí bú sí orin ìyìn. Mo wo Ẹ̀bùn, Ẹ̀bùn ń wo bàtà rẹ̀. Àná, Àbámẹ́ta. Ó ti lọ mú un nínú wọ́dúróòbù, ó ti jókòó síbi tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sí, òun nìkan. Ó tún dì í padà. Bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà ló ṣe so ó, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ojú mi wà níbẹ̀, n kò rí i.

Mo ní, "Èmi kọ́, sà. Ọmọ ló run ún."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó fẹ́ràn mi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní, "Ta ló tún yẹ kó gbà á bí kò bá ṣe òun? Ọmọ wa ti gbà fún wa. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́nu tìẹ náà. Ṣé o gbà?"

Àǹtí sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé bí n kò bá gbà, kí Ẹ̀bùn kúkú máa bá òun lọ lónìí, mọ́tò òun wà nísàlẹ̀. Ẹ̀bùn di ìró mi mú. Kò sunkún. Ó kàn dì í mú ni.

Yàrá Agboju, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo há sórí, kò sí èyí tó wúlò mọ́. Mo bọ́ aago ọwọ́ mi. Mo dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì, jẹ́jẹ́.

"Mo gbà, sà."

Kò sí ẹnì kan nínú pálọ̀ náà tó ti wo sinimá yẹn rí. Mo ṣe é ju àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Gbóyèga ì bá fún mi ní mẹ́wàá.

Irọ́ ni. Mo kọ ọ́ síbí kó má bàa sọnù. Irọ́ ni mo pa.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹta

Mo di ojú mi láti rí Gbóyèga. Mo rí kóòtù eérú náà, ó wọlé, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo gbójú sókè wo ojú rẹ̀. Ojú Akọ̀wé ni.

Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Kẹta

Ìrìn Akọ̀wé, mẹ́fà. N kò mọ ìgbà tó di mẹ́fà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 Oṣù Kẹta

Ọ̀sán. Mo ti dé ibi kílíìpù. Kò sí ewé mìíràn láàárín èmi àti òun mọ́, mo ní láti yí ìwé padà kí n tó lè kà á. Mo yọ kílíìpù. Ìkọ̀wé rẹ̀ kékeré, tó tẹ̀ sọ́tùn-ún:

"Ẹni kẹta. Ìrìn, 4. Irọ́, 7. Ìfẹ́, a kò tíì mọ̀. Àyìnkẹ́ di ojú. Ó ní òun kò ní fẹ́ràn ẹni yìí láéláé. Ohun tó sọ nípa ẹnì kejì náà nìyẹn. Nígbà tó fi máa di sinimá rẹ̀ kejì, ó ti gbàgbé pé òun sọ ọ́. Màá fún un láyè. Yóò mọ́ ọn lára."

Mo kà á tán. Mo fẹ́ bá a jiyàn, mo gbé bírò.

Ó ku ìlà mẹ́ta lójú ewé yìí. Wọ́n ń pè mí láti bálíkónì. Ẹ̀bùn ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, itọ́ ẹnìkan ti dé gọ́tà. Kì í ṣe Ìyá Ẹ̀bùn ni Akọ̀wé pè mí lónìí. Àyìnkẹ́ ni.

Mo dáhùn.