Àwọn Àlejò Tó Ń Gba Pápá Àgùntàn Mi Kọjá

                                                            Oko Skjerdal,
                                                            Etí Omi Skjerdal,
                                                            Norway.
                                                            Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Òkúdù, 2019.

Torgils, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ilé? Báwo ni òtútù àríwá yín? Aslaug aya rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ náà ti fi í sílẹ̀? Orúnkún rẹ tí àwọn dókítà là ńkọ́, ṣé ó ti gbà ọ́ láyè láti wọ inú ọkọ̀ ojú omi rẹ? Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú ayọ̀. Ara tèmi le. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ti gorí mi, síbẹ̀ mo ṣì ń gbé àgbò sọ́rùn.

O mọ̀ pé èmi àti ìwé kò bára mu láti kékeré. Àgùntàn bàbá mi ni mo ń dà nígbà tí ẹ̀yin ń kàwé. Borghild àbúrò mi obìnrin ló ń bá mi kọ èyí. Ó ní bí mo bá tún yára sọ̀rọ̀ báyìí, òun á ju bírò sílẹ̀, kí n wá fi ẹnu kọ ọ́.

O rántí Nipa, àpáta tó yọrí sórí omi, níbi tí èmi àti ìwọ ti máa ń jẹ wàràkàṣì bí a bá da ewúrẹ́ lọ. Nígbà náà, àwa méjì àti ẹyẹ ló ni ibẹ̀. Ẹnìkan wá ya àwòrán ọmọbìnrin kan tó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí àpáta yẹn, Àjọ Ìrìn-àjò Afẹ́ ẹkùn wa sì gbé àwòrán náà síta fún gbogbo ayé. Kò pẹ́ tí gbogbo ayé fi fẹ́ wá na ẹsẹ̀ tiwọn níbẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ sì gba àárín pápá tí àgùntàn mi ti ń bímọ kọjá. Òfin wa kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá arìnrìn-àjò dúró lórí òkè, nítorí náà mo ń wò wọ́n ni.

Nígbà ìrúwé ọdún tó kọjá, wọ́n mú ajá wá, wọ́n ṣí géètì láìtì í, wọ́n ń gbé ọmọ àgùntàn tuntun mọ́ àyà láti ya fọ́tò. Ìwọ náà mọ̀ pé bí òórùn ènìyàn bá lẹ̀ mọ́ ọn, ìyá rẹ̀ lè kọ̀ ọ́. Mọ́kànlá ni ìyá wọn kọ̀. Méje kú sí mi lọ́wọ́ níwájú ààrò. Mo búra lójú Borghild pé bí ọdún tó ń bọ̀ bá tún rí bẹ́ẹ̀, n ó ta gbogbo agbo náà pátá, kí oko bàbá mi kúkú di igbó.

Inú bí mi débi pé mo ṣe ohun tí n kò lè sọ fún pásítọ̀. Nígbà ìwọ́wé, mo tú àwọn òkìtì òkúta tí a fi ń mọ ọ̀nà lórí òkè, mo sì tún wọn tò gba etí àbàtà, kí ọ̀nà tuntun tí kò kan pápá mi lè ti mọ́ àwọn àlejò lára kí ìgbà ìbímọ tó dé. Bàbá mi máa ń sọ pé ẹni tó ṣí òkìtì ọ̀nà nípò ti pa ènìyàn, bí kò tilẹ̀ tíì rí òkú rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ṣe é. Borghild ní kí a fo ibí yìí. Mo ní kó kọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, kùrukùru bo òkè. Tọkọtaya olùkọ́ kan tẹ̀lé òkúta mi, wọ́n sì rì dé ìbàdí. Èmi ni mo gbọ́ igbe wọn, èmi náà ni mo fi okùn fà wọ́n jáde. Obìnrin náà ń sunkún, ó ń dúpẹ́, ó ń pè mí ní áńgẹ́lì. Torgils, n kò tíì gbọ́ èébú tó dùn mí tó ọpẹ́ yẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, obìnrin kan láti Àjọ náà wọ àgbàlá wa. Synnøve lorúkọ rẹ̀, kò tíì pé ogójì ọdún. Nígbà tí mo rí ẹrẹ̀ àbàtà lára bàtà rẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé.

"Bàbá, ta ló tún òkúta yẹn tò?"

Mo ní, "Atẹ́gùn ni."

"Atẹ́gùn yẹn mọ òkúta tò o! Ó mọ̀ ọ́n tò ju àwọn òṣìṣẹ́ wa lọ. Ṣé atẹ́gùn ní kọfí nílé?"

Borghild bú sẹ́rìn-ín. "Wọlé jàre. Olóríkunkun ni atẹ́gùn tibí, àmọ́ kì í ṣe ahun."

Mo jẹ́wọ́. Mo ní kó pe ọlọ́pàá. Ó ní òun kò ní ọlọ́pàá lápò, pé èmi ni n ó fi ọwọ́ ara mi dá gbogbo òkúta náà padà. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àmọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Synnøve fúnra rẹ̀ wá bá mi ru ú.

Bí a ti ń gbé òkúta, ó rí iyọ̀ tí àgùntàn ń lá, tí mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ Høgset, òkè kejì, ó sì bi mí ohun tó wà fún. Mo ní, "Àgùntàn ò gbọ́ 'má lọ síbẹ̀yẹn'. Ibi tó o bá fẹ́ kó lọ ni wàá gbé iyọ̀ sí."

Ó sọ òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Pátákó 'ẹ má gba ibí' mẹ́rìnlá la ti rì mọ́lẹ̀, bàbá. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa látọjọ́ yìí?"

"Ta ló bi mí?"

Ọ̀rẹ́ mi, iyọ̀ ni mo sọ. Ohun tí obìnrin yẹn fi í ṣe kọjá òye mi. Ní gbogbo ìgbà òtútù ló ń wá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì wa. Àṣé wọ́n ti kan àpótí kékeré kan mọ́ òpó géètì mi, tó ń ka gbogbo ẹni tó bá kọjá. Ní Sátidé kan ṣoṣo nínú oṣù Agẹmọ, ènìyàn ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá ló gba ibẹ̀! Èmi tí mo jókòó tì wọ́n rò pé wọn kò tó igba. Ó mọ wákàtí tí wọ́n ń dé, ó mọ ibi tí ebi ti ń pa wọ́n, ó mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà. Bí mo ṣe mọ àgùntàn mi lójú ló mọ àwọn tí kò tíì fojú kàn rí.

Ó yọ àwòrán Nipa kúrò, ó fi ti Høgset sí i. Ó bá àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ńlá sọ̀rọ̀ kí bọ́ọ̀sì tó ń kó àlejò wọn lè máa yà sápá òsì, sí ọ̀nà Høgset. Ó pe ọkùnrin mẹ́rin wá láti Nepal, níbi tí òkè wọn ti fi tiwa ṣe ọmọdé, wọ́n sì to àtẹ̀gùn òkúta ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogójì sára Høgset láìlo sìmẹ́ńtì rárá. Wọ́n gbé bẹ́ńṣì àti ilé kọfí kékeré sókè níbẹ̀. Wọ́n wá lẹ ìwé mọ́ géètì mi: ẹ jọ̀wọ́, àgùntàn ń bímọ. Mo sọ fún un pé kò lè ṣiṣẹ́ láé.

Ó ní, "Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ ó tún pe atẹ́gùn yín."

Sátidé àkọ́kọ́ tí oòrùn ràn nínú oṣù Èbìbí, mo mú ọ̀pá, mo lọ jókòó sí géètì láti ìdájí. Àgùntàn mẹ́ta ń rọbí lẹ́yìn mi. Bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ etí omi bọ̀. Èkíní dé oríta, ó yà sósì. Èkejì yà sósì. Mo ka mẹ́tàdínlógún, gbogbo wọn ló yà sósì, bí agbo tí ajá rere ń dà láìgbó. Mo dìde, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ mi. Ènìyàn mẹ́sàn-án péré ló dé géètì lọ́jọ́ náà. Wọ́n ka ìwé, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n sì padà. Kò sí ìyá kankan tó kọ ọmọ rẹ̀ lọ́dún yìí. Mo ti ránṣẹ́ sí oníbàárà tó fẹ́ ra agbo náà pé kó má wá mọ́.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni Borghild fà mí lọ sórí Høgset. Mo ti ń gùn ún láti kékeré, ṣùgbọ́n ẹrù ló máa ń wà lẹ́yìn mi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. N kò dúró wo ìsàlẹ̀ rí láyé mi. Lọ́jọ́ yìí mo wò ó. Mo rí omi bó ti dúró jẹ́ẹ́ láàárín òkè, mo rí yìnyín, mo sì rí pápá tútù kan pẹ̀lú àwọn nǹkan funfun méjì-méjì, ńlá àti kékeré, lórí rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé tèmi ni. Ó lé ní ogún ènìyàn tó dúró níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pariwo.

Ọkùnrin àjèjì kan yíjú sí wa, ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀, ó bi wá pé ta ló ni ibẹ̀ yẹn. Borghild ń retí kí n dáhùn. Torgils, o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi. Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ ni mo fi dáhùn. Mo fi ọwọ́ lu àyà ara mi lẹ́ẹ̀mejì, omi sì ń bọ́ lójú mi lójú gbogbo wọn.

Bá mi kí Aslaug, kí àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ. Borghild ní kó o má jókòó sójú afẹ́fẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá gbà ọ́, wá bá wa da àgùntàn sílé nígbà ìwọ́wé.

Èmi tó jẹ́ tìrẹ láti ìgbà èwe,

Anfinn Skjerdal
(Borghild ló kọ ọ́, orúkọ yìí nìkan ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ.)