Orúkọ Bàbá Mi Nínú Ìwé Ààbò Ìlú

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi, ẹ̀yin tí àlejò kì í sọ ẹrù kalẹ̀ ní Kambolé kí ó tó rí ojú yín. Ẹ kú ilé o, Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ìtọ́jú iṣu. Mo kí Ráfíù, ẹ̀gbọ́n mi, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kó rọra kà á, kó má sì fo ibi tí kò bá dùn mọ́ ọn. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn kí gbogbo ará ilé lè bá mi yọ̀, nítorí mo yege. Mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kí àyà Ìyá mi má baà já.

Ara mi le, alhamdulillahi. Ọyẹ́ Sókódé ti la ètè mi, eruku rẹ̀ sì ń bá mi wọ inú àwo oúnjẹ. Mo ṣì ń gbé ní àdúgbò Komah lọ́dọ̀ ìyá arúgbó ẹ̀yà Tem yẹn, mo sì ń tẹ ìwé fún àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù fotokopí ní Kouloundè, ibẹ̀ ni owó ilé-ẹ̀kọ́ ti ń jáde. Ohun tó ń dùn mí ni pé ó lè pé ọjọ́ mẹ́ta kí n tó rí ẹni tí mo lè fi èdè wa kí. Nígbà míì mo máa ń kí ara mi nínú dígí láàárọ̀, mo sì ń dáhùn. Ráfíù, má rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi padà wálé ni èyí tí wọ́n ń pè ní séminaire, lórí ààbò ìlú àti ẹnubodè. Nínú irú ẹ̀kọ́ yìí, olùkọ́ kì í dá sọ̀rọ̀; àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni à ń jókòó yí tábìlì ká tí a ń jiyàn. Obìnrin ni olùkọ́ wa, Madame ni gbogbo wa ń pè é. Kò ga, kì í sì í pariwo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó pín ìwé òfin olójú-ewé méjì fún wa, ó kà á ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí alùfáà ń sọ májẹ̀mú ìgbéyàwó, ó sì ní kí a fọwọ́ sí i. Bí aago bá ti lù, ilẹ̀kùn ti tì. Ẹni tó bá pa ẹ̀kọ́ jẹ lẹ́ẹ̀mẹta, orúkọ rẹ̀ kúrò. Fóònù wọ inú agbọ̀n. Iṣẹ́ ẹlòmíì kò gbọdọ̀ di tìrẹ. Ohun tí a bá sọ láàárín ara wa kò gbọdọ̀ di òfófó níta. Kò sí ìbéèrè tí a kò lè bi olùkọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Èyí tó wá le jù ni pé ọ̀rọ̀ tí kò ní olóhun kì í ṣe ẹ̀rí: bí o bá sọ pé ẹnì kan sọ nǹkan, kọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó wà. Mo fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Mo rò pé òfin ilẹ̀kùn ni yóò bá mi jà, nítorí mo mọ bí mo ṣe máa ń sùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó bí ère. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọmọdé kì í já àgbà nírọ́, mo sì wá dé ibi tí wọ́n ti ń fi máàkì sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Lomé, olú-ìlú wa, ló là mí lẹ́nu. Ó ní àwọn abúlé ẹnubodè ni ewu ń gbà wọlé, pé àwọn ará ibẹ̀ ń gba ẹni tí wọn kò mọ̀. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ìtìjú. Mo sọ fún wọn pé ní Kambolé, àlejò kì í dá sùn. Onílé kan ni yóò gbà á, onílé náà ni yóò béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fún un lómi tán: níbo lo ti ń bọ̀, ta ló bí ọ, ta ló lè dúró fún ọ? Bí ó bá dáhùn, a mú un lọ kí olóyè. Bí kò bá lè dáhùn, a fún un lóúnjẹ, a sì sìn ín dé ojú ọ̀nà Tchamba lówùúrọ̀. Mo sọ bí ẹ ṣe ń ṣe é fún àwọn oníṣu tó ń ti ẹnubodè Benin wá láti ìgbà tí mo ti gbọ́n. Madame ní kí n lọ kọ ọ́, pé òun ni yóò jẹ́ iṣẹ́ àṣekẹ́yìn mi.

Mo kọ ojú ìwé mẹ́wàá. Ó dá a padà fún mi. Níbi gbogbo tó yẹ kí n kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ fún mi, “bàbá mi” ni mo kọ síbẹ̀. Ó ní bàbá ta ni? Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mo ti fìdí rẹmi.

Bàbá, ẹ mọ̀ pé mi ò pe orúkọ yín rí. Ìyá mi tó bí mi, “Bàbá Ráfíù” ló ń pè yín. Mo bẹ Madame kó jẹ́ kí n kọ “Bàbá Àlejò” bí ará ìlú ṣe ń pè yín, ó ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìdánimọ̀. Ó ṣe mí bíi kí n kọ orúkọ ẹlòmíì síbẹ̀ kí n sì lọ sùn, ṣùgbọ́n mo ti fọwọ́ sí òfin.

Ìgbà yẹn ni mo pè yín lórí fóònù. Ẹ ò bínú pé mo fẹ́ kọ orúkọ yín. Ohun tó bà yín lẹ́rù ni ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e sí. Ẹ ní láyé yín, orúkọ àgbẹ̀ tó bá wọ ìwé ọ̀rọ̀ ààbò, sójà ló ń wá a wá. Lẹ́yìn náà ni ẹ béèrè nípa Madame: níbo ló ti ń bọ̀, ta ló bí i, ta ló lè dúró fún un? Mi ò mọ ọ̀kankan. Ẹ ní kí n lọ béèrè, kí n padà wá. Ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo dìde láàárín ẹgbẹ́ mi, mo fi Faransé tó dára jù lẹ́nu mi béèrè ìbéèrè yín lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Madame kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ orúkọ abúlé rẹ̀ ní apá àríwá, ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀, ó ní ẹtù ló ń sìn. Ó wá kan ìbéèrè kẹta. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé Sókódé, ẹnikẹ́ni kò bi òun ní irú rẹ̀ rí. Mo rántí dígí mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo sọ fún un pé bí ó bá gbà, èmi yóò dúró fún un.

Ó wá kọjú sí àwọn yòókù, ó ní: “Ohun tí mo ti ń fi oṣù mẹ́ta wá ọ̀nà láti kọ́ yín nìyí.”

Mo padà pè yín, mo jíṣẹ́. Ẹ tún béèrè bóyá orí ẹtù náà pọ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ fi ẹnu ara yín sọ orúkọ yín fún mi, ẹ ní kí n kọ ọ́ dáadáa.

Lọ́jọ́ tí mo ka iṣẹ́ mi, nígbà tó kan ibẹ̀, mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Bí mo ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀ ni mo pè é sókè, gbogbo rẹ̀, orúkọ yín àti orúkọ Bàbá Àgbà. Ọmọ Lomé yẹn ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Mo gba máàkì tó ga jù, ayọ̀ kún inú mi débi pé mo fẹsẹ̀ rìn dé Komah, mi ò rántí gun alùpùpù zémi. Ìyá Tem mi kò mọ ìdí rẹ̀, ó kàn ń bá mi jó.

Madame gbà kí n sọ gbogbo èyí síta, ó sì fẹ́ wá wo Kambolé lẹ́yìn ìkórè. Ó béèrè ta ni yóò gba òun sílé. Mo ní mo mọ ọkùnrin kan, ṣùgbọ́n kó múra ìdáhùn mẹ́ta sílẹ̀.

Kí Ọlọ́run fi òróró sí ọjọ́ ayé yín, kí ẹsẹ̀ àlejò má tán lẹ́nu ọ̀nà yín, kí Ìyá mi jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn oníṣu, ẹ kí Ráfíù tó ń kàwé yìí, ó kú wàhálà. Orúkọ yín ti wà nínú ìwé wọn, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n kó lọ kà á níbẹ̀. Èmi ti pè é lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Nínú lẹ́tà yìí, Bàbá mi lẹ ń jẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Àmínátù