Dúró, Jẹ́ Kí N Fọwọ́ Ná

Ìyàwó mi, ẹ̀ẹ̀karùn-ún rèé tí oṣù yìí bá èmi nìkan lórí bẹ́ẹ̀dì wa. Ọdún márùn-ún! Apá ọ̀dọ̀ tìrẹ ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ. Mi ò jẹ́ yí débẹ̀.

Tábìlì kékeré tí mo kàn fún ọ ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, pẹ̀lú abọ́ omi àti ọṣẹ. Ṣé o rántí bí mo ṣe máa ń bínú? Tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá nawọ́ láti gbá ọ mọ́ra, ìwọ á sún sẹ́yìn: "Dúró, jẹ́ kí n fọwọ́ ná." Bẹ́ẹ̀ o ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí o tó kúrò níbẹ̀! Èmi káfíńtà tí lẹ́búlẹ́bú igi bò látorí dẹ́sẹ̀ á wá máa kùn pé ọkọ rẹ ni mí, èmi kì í ṣe àrùn.

Ìyẹ̀fun funfun kan tó wà nínú ìgò dúdú níbi iṣẹ́ rẹ ni o ń ṣọ́ra fún. Láàbù tí ẹ ti ń yẹ wàrà wò ò lè ṣe láìsí i. Tí ẹ bá fẹ́ ka kòkòrò inú wàrà, èbu àti ìwúkàrà á ti bo gbogbo àwo. Ẹ ó fi bíńtín oògùn náà sí i, èbu ò ní lè hù, kòkòrò tí ẹ ń wá á sì yọjú. Àmọ́ o ní kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń mu. Kì í jẹ́ kí ara èbu tún ara rẹ̀ kọ́, ó sì lè ṣe tiwa bẹ́ẹ̀. Ìyẹn yé káfíńtà: ilé tí wọn ò tún ṣe mọ́, wíwó ló ń wó.

Ìdí nìyẹn tí o fi ń wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, tí o ń wọ̀n ọ́n nínú àpótí onídígí tó ń fa afẹ́fẹ́ síta, kí o má bàa fà á símú. Ẹ̀kán rẹ̀ kan ò gbọdọ̀ bá omi ìdọ̀tí lọ. Nígbà tí o lóyún Kékeré, àbíkẹ́yìn wa, o gbé ìgò náà fún ẹlòmíì. Ọ̀gá rẹ ń kùn, o ní kó máa kùn lọ.

Kékeré ti ga jù mí lọ báyìí! Mo ti parí yàrá ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn lórí ọ̀dà tí mo fi kùn ún.

Ẹnu ayé ò sinmi. Wọ́n ní oògùn yẹn ló pa ọ́. Irọ́ ni! Ọkàn rẹ ló dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, níbi tí o ti ń ká aṣọ. Dókítà sọ ọ́ lójú mi. Mo ń bá wọn jà nítorí rẹ. Àmọ́ nígbà tí àkọ́bí wa ní láàbù yín ti gba òun síṣẹ́, àyà èmi náà já. Mo ní rárá.

Ó wò mí. "Bàbá mi, ṣé ẹ̀yin náà gbà pé oògùn yẹn ló pa màámi ni?"

Mo bá ìdí iṣẹ́ mi lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń dá jẹun. Mo dá wà, ìyàwó mi, mo dá wà gan-an. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ní kó máa lọ.

Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo gé pákó kan náà kúrú jù lẹ́ẹ̀mejì. Nírọ̀lẹ́, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sáré sẹ́nu ọ̀nà, mo nawọ́.

Ó sún sẹ́yìn. "Bàbá mi, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ná."

Mo dúró. Ó fọ àárín ìka, ó fọ ẹ̀yìn ọwọ́, bíi tìrẹ gẹ́lẹ́. Mo kọjú sógiri kó má bàa rí omijé mi.

Mi ò bínú mọ́, olólùfẹ́ mi. Bí a bá tún pàdé, máa fọwọ́ rẹ lọ títí tó fi máa tẹ́ ọ lọ́rùn. Màá dúró.