Báàgì Tẹníìsì Tí Mo Gbé Kọ́ Ẹ̀yìn

Sátidé, ìrọ̀lẹ́, ìlú Ọ̀yẹ́.

Mo ti ra báàgì náà, mi ò sì ní dá a padà.

Ìyá Kékeré, àbúrò ọkọ mi, ló bá mi lọ sọ́jà. Mo dàgbà jù wọ́n lọ, àmọ́ wọ́n ti wà nínú ilé yìí kí n tó dé, ohun tí wọ́n bá sọ ni mo máa ń ṣe. Wọ́n nawọ́ sí èyí tó ń dán, tó lè gba rákẹ́ẹ̀tì mẹ́fà. "Ìyàwó, mú un, kí wọ́n mọ̀ pé ìyàwó kóòṣì tẹníìsì ni ẹ́."

Rákẹ́ẹ̀tì kan péré tí ọkọ mi fún mi ni mo ní. Ọ̀kadà ni mò ń gùn lọ sí pápá. Ibo ni ọlọ́kadà fẹ́ gbé àpótí yẹn sí?

Mo mú kékeré tó ṣeé gbé kọ́ ẹ̀yìn, tó ní àpò ọ̀tọ̀ fún bàtà, torí eruku pupa wa yìí kò mọ aṣọ funfun. Mo ní, "Ẹ má bínú, èyí ni mo fẹ́."

A délé, ìyá ọkọ mi wo ẹ̀yìn mi. "Ìyàwó ulé wa, a gbàdúrà kí ẹ̀yìn rẹ má mẹní. Ṣé báàgì la ní kóo pọ̀n?"

Mo kúnlẹ̀, mi ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. "Ọmọ ń bọ̀, Màámi. Ẹ̀yìn mi á gba òun náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àbí ikọ́ ni wọ́n wú, mi ò mọ̀.

Lọ́la, lẹ́yìn ìsìn, mò ń lọ pápá. Mo sì ti wò ó, àpò bàtà yẹn á gba ìlédìí.