Ajá Bàbá Mi Kò Gbọdọ̀ Bímọ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú etí tí ẹ ń yá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí màmá mi kì í fi ètò yín ṣeré. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ pé ajá lásán ni, kó yáa pa rédíò rẹ̀.

Ajá ni mò ń sìn, irú àwọn gíga onírun dúdú tí bàbá mi fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kú. Abo kan ṣoṣo ló kù nínú ìran wọn. Kí n tó wá akọ fún un, mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Dókítà ya fọ́tò eegun rẹ̀, ó ní ìbàdí rẹ̀ ò dáa, pé tó bá bímọ, àwọn ọmọ náà á máa tiro, inú ìrora ni wọ́n á dàgbà sí. Ó ní ká yọ ilé ọmọ rẹ̀.

Mo sọ fún màmá mi. Wọn ò pariwo. Wọ́n ń fọwọ́ pa ajá náà lórí, wọ́n ní, "Bàbá ẹ náà tiro títí wọ́n fi kú. Ṣé mi ò bí ẹ fún wọn ni?"

Ọ̀la ni dókítà ń retí wa. Ẹ̀yin olùgbọ́, mo mọ ohun tí mo máa ṣe. Èsì tí mo máa fún màmá mi ni mi ò ní. Ẹ dákun, ẹ bá mi wá a.